Ìdíje géèmù ọgbọ́n ogun lójúkojú: èwo la ó yàn?

Gbọ̀ngàn ni mo kọ́kọ́ wá. Àṣìṣe mi àkọ́kọ́ nìyẹn. Nígbà tí èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́ta pinnu láti kó àwa tí à ń ta géèmù ọgbọ́n ogun n'Íbàdàn jọ sójú kan (títa bí ẹni ń ta ayò ni o, kì í ṣe ọjà; géèmù orí kọ̀ǹpútà ni, tí à ń fi kọ́ ìlú, tí à ń kó ọmọ ogun jọ láti fi bá ara wa jà), a ti sanwó gbọ̀ngàn kan lágbègbè Challenge kí a tó bi ara wa pé géèmù wo gan-an la fẹ́ ta, wákàtí mélòó ni ìjà kan ń gbà, kí ló sì máa ṣẹlẹ̀ bí iná bá lọ láàárín ìjà. Iná lọ lóòótọ́. Ó lọ ní ìpele tó kángun sí àṣekágbá. Ọ̀kan nínú àwọn méjì tó ń jà ní òun ti ń borí; èkejì ní irọ́ ni, òun ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ni. Kò sẹ́ni tó tọ́jú ìjà náà pamọ́. Wákàtí méjì la fi jiyàn. Jẹnẹrétọ̀ tí onígbọ̀ngàn ní ó wà níbẹ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ kò sí ọ́ìlì nínú rẹ̀.

A ti ṣe mẹ́rin sí i láti ìgbà náà. Ohun tí mo fẹ́ ṣe níbí ni kí n gbé àwọn ohun tó wà níwájú ẹni tó fẹ́ ṣe irú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí n sì sọ èyí tí èmi yóò mú. Mo tò wọ́n bí ó ṣe yẹ kí ẹ yàn wọ́n, torí pé ìkíní ló ń pàṣẹ fún ìkejì.

## Géèmù

Ìdíje géèmù bọ́ọ̀lù rọrùn. Ẹ ti mọ iye ìṣẹ́jú tí abala kan yóò gbà kí ẹ tó tan ẹ̀rọ. Tiwa kò ní fèrè ìparí. Ẹnì kan lè fi ẹlẹ́ṣin ya wọ oko ọ̀tá rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ sì parí láàárín ogún ìṣẹ́jú; àwọn méjì mìíràn lè mọ odi, kí wọ́n jókòó sẹ́yìn odi, kí wọ́n máa wo ara wọn fún wákàtí kan àtààbọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń bi géèmù ní ìbéèrè mẹ́ta kí n tó béèrè bóyá ó dùn: ṣé ó ń ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣé a lè bá a lọ láti ibi tó dúró bí iná bá lọ, ṣé yóò parí kí ilẹ̀ tó ṣú?

Age of Empires II ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi mọ irú eré yìí. Ó ti wà láti ọdún 1999, ẹ̀dà tuntun rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Definitive Edition sì jáde ní 2019. Nínú gbogbo wọn, òun ló dùn-ún wò jù. Ẹni tí kò ta á rí á wo ẹlẹ́ṣin tó ń lé àwọn àgbẹ̀ kiri, á sì mọ ẹni tí ìyà ń jẹ. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, inú ilé olódi Heidelberg ní Jámánì ni wọ́n ti ta á nínú ìdíje Red Bull Wololo: Legacy. Ó ṣeé tọ́jú pamọ́ pẹ̀lú: bí iná bá lọ, tí gbogbo ẹni tó wà nínú ìjà náà sì padà wọlé, wọ́n á bá a lọ láti ibi tí wọ́n tọ́jú rẹ̀ dé. Ibi tó ti ń dunni ni pé rírà là ń rà á, olùdíje kọ̀ọ̀kan ló sì gbọ́dọ̀ ní tirẹ̀. Ó ń fẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì kí ó tó gbà yín wọlé. Àtúnṣe tuntun tún máa ń já bọ́ sórí rẹ̀ ní ọjọ́ tí ẹ kò rò. Bí kọ̀ǹpútà méjì kò bá sì sí lórí ẹ̀dà kan náà, wọn ò lè bára wọn jà. Kí kọ̀ǹpútà mẹ́jọ máa fa gígabáìtì lórí datà ní àárọ̀ ọjọ́ ìdíje, n kò gbàdúrà rẹ̀ fún ọ̀tá mi.

(Ẹ̀yin tí ẹ ń béèrè ibi tí Yorùbá wà nínú gbogbo eléyìí: Age of Empires III ló fi wá sí i ní 2021, gẹ́gẹ́ bí ìlú kékeré tí àwọn ìjọba ńlá ń bá ṣe àdéhùn. Hausa ni wọ́n fi ṣe ìjọba ńlá. Mo ti gbé e lé Ọlọ́run lọ́wọ́.)

StarCraft II yàtọ̀ pátápátá. Ọdún 2010 ló jáde, ó sì ti di ọ̀fẹ́ fún ẹni tó fẹ́ bá ẹlòmíràn jà láti oṣù kọkànlá ọdún 2017. Ìjà rẹ̀ yá: ọ̀pọ̀ kì í ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Ó tún ní oògùn iná lílọ kan tí mo fẹ́ràn ju gbogbo oògùn lọ. Láti ọdún 2013, ẹ lè ṣí àkọsílẹ̀ ìjà tó dá dúró, kí ẹ fà á dé ìṣẹ́jú kẹjọ, kí àwọn méjèèjì sì gba ọmọ ogun wọn padà láti ibẹ̀ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Àmọ́ ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa: ìgbà tí ìjà bá parí lójú kọ̀ǹpútà ni àkọsílẹ̀ yẹn ń wọlé. Bí iná bá pa gbogbo kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí àkọsílẹ̀ kankan. Ó kéré tán, ọ̀kan gbọ́dọ̀ wà láàyè, ìyẹn láptọ́ọ̀pù adájọ́ tàbí ti ọ̀kan nínú àwọn tó ń jà. Àbùkù rẹ̀ tó tóbi jù ni pé àwọn tó ṣe é kò fi ọ̀nà LAN sí i rárá, ìyẹn síso kọ̀ǹpútà inú yàrá kan pọ̀ láìgba orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ lè jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara yín kí èjìká yín máa kanra, síbẹ̀ íntánẹ́ẹ̀tì lẹ ó gbà pàdé. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá sùn, gbogbo yín á sùn.

Ẹ̀kẹta ni 0 A.D., tí àwọn Wildfire Games ń ṣe. Ọ̀fẹ́ ni, ó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, Linux àti macOS, ẹ lè gbé e kiri lórí fláàṣì, ẹnì kan á sì ṣí ìjà lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, èkejì á tẹ nọ́ńbà IP rẹ̀, ìyẹn àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà náà, kó tó wọlé. Kò béèrè íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ bá kú láàárín ìjà lè tún wọlé padà, níwọ̀n ìgbà tí kọ̀ǹpútà ẹni tó ṣí ìjà náà bá ṣì wà láàyè. Torí náà, kì í ṣe olùdíje ló yẹ kó máa ṣí ìjà. Adájọ́ ni, lórí láptọ́ọ̀pù tí bátìrì rẹ̀ dára. Ibi tó ti ń yọni lẹ́nu ni pé bí ọmọ ogun bá ti pọ̀ jù, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀ bí ọkọ̀ tó ń gun òkè Mọ́kọ́lá. Àwa ti dá iye ènìyàn tí olùdíje kan lè ní dúró sí 100. Inú àwọn tó fẹ́ràn ogun ńlá kò dùn, ṣùgbọ́n a ń parí.

Civilization VI kò yẹ fún ọjọ́ kan. Géèmù rere ni, ó ní LAN, àmọ́ ìjà ènìyàn mẹ́rin lè gba ọjọ́ Sátidé látòkèdélẹ̀. Ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn tí yóò sùn síbẹ̀. The Battle of Polytopia ńkọ́? Orí fóònù ni, ènìyàn méjì lè máa gba fóònù kan lọ́wọ́ ara wọn bí ó bá ti kan oníkálukú. Bí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yín kò bá ní kọ̀ǹpútà, ẹ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ má ti ojú.

Èwo ni kí ẹ mú? Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibi tí ẹ wà bá dúró gírí, StarCraft II ni yóò jẹ́ kí ẹ tètè relé. Bí kọ̀ǹpútà bá jẹ́ àdàlù, ti ẹnì kan tuntun, ti ẹlòmíràn ti di arúgbó, tí datà sì wọ́n, 0 A.D. ni. Ẹ mú Age of Empires II bí gbogbo ènìyàn bá ti ní tirẹ̀ tẹ́lẹ̀, àti bí ẹ bá fẹ́ kí òǹwòran pọ̀.

## Ibi

Ibi márùn-ún ni mo ti lò tàbí tí mo ti lọ wò dáadáa.

Ilé ìdánwò CBT, níbi tí àwọn ọmọ ti ń ṣe JAMB, ni kò sẹ́ni tó kọ́kọ́ ń rò, òun sì ni mo ń ro jù báyìí. Ẹ wò ó ná. JAMB fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n ní kọ̀ǹpútà 250 kí wọ́n tó gbà wọ́n. Okùn LAN ti wà nílẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ àti ínfátà ti wà, ó sì ń ṣiṣẹ́ torí pé ìdánwò kò gbọdọ̀ dúró. Wọ́n tún ti fi pákó la àárín àwọn kọ̀ǹpútà kí akẹ́kọ̀ọ́ má baà yọjú wo ìdáhùn ẹnìkejì. Ìdíje géèmù ọgbọ́n ogun ń wá pákó yẹn ju bí ó ti ń wá oúnjẹ lọ, ẹ ó sì rí ìdí rẹ̀ níwájú.

Ohun tó lè bà á jẹ́ fún yín ni kọ̀ǹpútà wọn. Wọ́n rà á fún títẹ A, B, C, D. Níbòmíràn, ohun tó wà lórí tábìlì kì í tilẹ̀ ṣe kọ̀ǹpútà gidi: àpótí kékeré ni, gbogbo wọn ń pín agbára sáfà kan lò. Géèmù kankan kò lè rìn lórí ìyẹn. Kí ẹ tó sọ̀rọ̀ owó, ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ jókòó sí ìdí ọ̀kan fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí ó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà gidi àmọ́ tó ti rẹ̀, OpenRA lè gbà yín sílẹ̀: ọ̀fẹ́ ni, Red Alert, géèmù ogun ti ọdún 1996, ni wọ́n tún kọ́ sínú rẹ̀, kì í ni ẹ̀rọ lára. Ọ̀gá ibẹ̀ lè kọ̀ pé ẹ kò ní fi nǹkan kan sórí ẹ̀rọ òun. Ó ní ẹ̀tọ́. Nígbà tí JAMB bá sì kù sí dẹ̀dẹ̀, ẹ má tilẹ̀ lọ.

Àwọn hub, níbi tí àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ ti ń yá tábìlì lójúmọ́, ní íntánẹ́ẹ̀tì tó dára ju ti ibòmíràn lọ. Atẹ́gùn tútù wà, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá máa lò ó fún StarCraft II kò ní kábàámọ̀. Oníkálukú ló máa gbé láptọ́ọ̀pù rẹ̀ wá, ibẹ̀ sì ni ìyàtọ̀ ti ń wọlé: ẹnì kan á gbé ẹ̀rọ tó ń kùn bí ọkọ̀ òfuurufú wá, ẹlòmíràn á gbé ti iléeṣẹ́ rẹ̀. Ẹ tún béèrè ohun tí ínfátà wọn lè gbé. Wọ́n ṣírò rẹ̀ fún láptọ́ọ̀pù tó ń kọ lẹ́tà, kì í ṣe fún ṣájà géèmù mẹ́jọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn a sì máa tilẹ̀kùn ní ìrọ̀lẹ́, yálà ẹ ti parí tàbí ẹ kò tíì parí.

Ilé géèmù àdúgbò, PlayStation àti bọ́ọ̀lù ni. Age of Empires II ti dé orí PlayStation 5 láti 2025, ṣùgbọ́n ẹni tó ti fi máòsì kọ́ ọ, bí wọ́n bá gbé páàdì fún un, bíi kí wọ́n ní kó fi ọwọ́ òsì jẹ àmàlà. Ariwo ibẹ̀ kò tún ṣeé ṣàkóso.

Pálọ̀ ọ̀rẹ́ yín ńkọ́? Fún ènìyàn mẹ́jọ àti kọ̀ǹpútà mẹ́rin, kò sí ibi tó dà bíi rẹ̀. Ẹ kò ní san nǹkan kan, màmá ilé lè gbé ìrẹsì wá, àṣìṣe tí ẹ bá sì ṣe, àárín ara yín ni yóò kú sí. Ká ní mo mọ̀ ni, ibẹ̀ ni ǹ bá ti bẹ̀rẹ̀. Gbọ̀ngàn ìnáwó, tí wọ́n ń fi ṣe ìgbéyàwó, ẹ má wulẹ̀ wò ó. Owó àga 300 lẹ ó san kí ènìyàn ogún tó jókòó.

## Iná

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ṣájà láptọ́ọ̀pù géèmù kan máa ń jẹ nǹkan bí wáàtì 180 bí ìjà bá gbóná. Mẹ́jọ rẹ̀ jẹ́ 1,440. Ẹ fi projector kan sí i, 300. Fáànù mẹ́rin, 280. Ẹ̀rọ Wi-Fi àti àpótí tó ń pín okùn LAN, 30. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ wáàtì 2,050. Bí ó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà orí tábìlì pẹ̀lú gíláàsì rẹ̀ (ojú rẹ̀ tí à ń wò) lẹ fẹ́ lò, ẹ ka ọ̀kọ̀ọ̀kan sí 300, àròpọ̀ yín á di 3,010.

Jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n kọ 3.5 kVA sí lára kò lè fún yín ju nǹkan bíi wáàtì 2,800 lọ. Láptọ́ọ̀pù mẹ́jọ yóò rọra jókòó sínú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì mẹ́jọ yóò pa á. Kékeré tí à ń pè ní I-better-pass-my-neighbour, bíi 650 ni agbára rẹ̀. Ó tó fún ẹ̀rọ Wi-Fi, láptọ́ọ̀pù adájọ́ àti fáànù méjì, kò tó fún ìdíje.

Ohun tó wà lẹ́yìn nọ́ńbà wọ̀nyí ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ. Láptọ́ọ̀pù ní bátìrì nínú. Láàárín ìgbà tí iná lọ àti ìgbà tí ẹnì kan fa okùn jẹnẹrétọ̀, kò sí ìjà tó kú, bí ẹ̀rọ tó so wọ́n pọ̀ bá ti ní UPS tirẹ̀, ìyẹn àpótí bátìrì tó ń gba iṣẹ́ ṣe bí iná bá lọ. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì ń kú lójú ẹsẹ̀, UPS mẹ́jọ sì lẹ ó rà kí ẹ tó bọ́ nínú rẹ̀. Torí náà, bí ẹ bá lè yan ọ̀kan nínú méjèèjì, ẹ má jẹ́ kí gíláàsì ńlá tàn yín. UPS kan ṣoṣo fún ẹ̀rọ Wi-Fi àti àpótí LAN níye lórí ju kọ̀ǹpútà tuntun méjì lọ.

Àdúgbò tó wà ní Band A ńkọ́? Ìlérí tí wọ́n ṣe fún wọn ni pé iná ò ní dín ní wákàtí 20 lójúmọ́. Mẹ́rin tó kù ni kí ẹ máa rò. Kò sẹ́ni tó sọ pé òru ni wọ́n máa mú un.

Ẹ kọ òfin iná lílọ sórí ògiri kí ìjà àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Tiwa nìyí: nínú Age of Empires II, a máa ń dá ìjà dúró ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láti tọ́jú rẹ̀ pamọ́, bí ìjà bá kú tí kò sì sí ohun tí a tọ́jú, a ó tún un ta láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sí ẹni tí a ó gbọ́ àlàyé rẹ̀ nípa bó ti ń borí. Ó le, mo mọ̀. Ìgbà tí a ń gbọ́ àlàyé la fi wákàtí méjì ṣòfò.

## Irú ìdíje

Níbí ni ọ̀pọ̀ ti ń fi ojú kéré iṣẹ́ náà. Wọ́n á ka orí ènìyàn, wọn ò ní ka wákàtí. Ẹ jẹ́ ká mú olùdíje 16, kọ̀ǹpútà 8, ìyẹn ni pé ìjà mẹ́rin lè máa lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fún ìjà kọ̀ọ̀kan ní wákàtí kan, tìjókòó tìdìde, kó jẹ́ ìjà kan ṣoṣo ló ń pinnu.

| Irú ìdíje | Iye ìjà | Wákàtí | Ìjà tí ẹni tó kéré jù máa jà |
|---|---|---|---|
| Ẹ̀mí kan (o pàdánù, o lọ) | 15 | 5 | 1 |
| Ẹ̀mí méjì (o pàdánù lẹ́ẹ̀mejì, o lọ) | 30 tàbí 31 | 10 tàbí 11 | 2 |
| Swiss (kò sẹ́ni tó ń lọ sílé), ìpele 4 | 32 | 8 | 4 |
| Swiss ìpele 3, kí àwọn 4 tó ga jù tẹ̀ síwájú | 27 | 8 | 3 |
| Ìsọ̀rí 4, ènìyàn mẹ́rin-mẹ́rin, kí 8 tẹ̀ síwájú | 31 | 9 | 3 |
| Olúkúlùkù bá olúkúlùkù jà | 120 | 30 | 15 |

Bí ó bá jẹ́ StarCraft II, ẹ lè dá wákàtí yẹn sí méjì. Bí ẹ bá fẹ́ kí ìjà mẹ́ta-mẹ́ta máa pinnu, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹ sì sọ fún ìyàwó yín pé ẹ kò ní wálé.

Ẹ̀mí kan ló yá jù, òun náà ló sì burú jù fún ẹgbẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde. Nínú ènìyàn 16, mẹ́jọ á ti ṣe tán lẹ́yìn ìjà kan. Ní ìdíje wa kejì, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wọkọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́ wá. Ìṣẹ́jú méjìlélógún ni wọ́n fi ṣẹ́gun rẹ̀. Ó jókòó títí di ìrọ̀lẹ́, ó ń mu pure water, ó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ènìyàn, a ò sì rí i mọ́. Owó ọkọ̀ rẹ̀ lọ àti bọ̀ ju owó ẹ̀bùn ẹni tó ṣe ipò kẹta lọ. Ọjọ́ yẹn ni mo jáwọ́ nínú ẹ̀mí kan.

Ẹ̀mí méjì wuyì: ẹni tó bá pàdánù lẹ́ẹ̀kan á bọ́ sí ẹ̀ka ìsàlẹ̀, àwọn òǹwòran sì fẹ́ràn ẹni tó ti ìsàlẹ̀ gòkè wá. Àmọ́ ẹ wo wákàtí rẹ̀: mẹ́wàá, tí ó bá sì di pé ẹni ìsàlẹ̀ na ẹni òkè ní àṣekágbá, wọ́n gbọ́dọ̀ tún un ta. Ní wákàtí bíi mẹ́ta ìkẹyìn ọjọ́ náà, kọ̀ǹpútà mẹ́fà nínú mẹ́jọ á kàn máa wo ojú yín, torí ẹ̀ka ìsàlẹ̀ ń dúró de ẹ̀ka òkè.

Swiss ni mo fi ọkàn mi sí. Ìlú Zürich ni wọ́n ti kọ́kọ́ lò ó, fún ṣẹ́ẹ̀sì, ní 1895. Ibẹ̀ ló ti gba orúkọ. Àwọn oníṣẹ́ẹ̀sì àti oníscrabble wa mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó. Bí ẹ bá ní adájọ́ scrabble kan ládùúgbò, ẹ lọ bẹ̀ ẹ́, iṣẹ́ yẹn kò ní tó ohun tó ń ṣe ṣeré. Ọ̀nà rẹ̀ rọrùn: kò sẹ́ni tó ń lọ sílé. Ẹni tó borí á pàdé ẹni tó borí, ẹni tó pàdánù á pàdé ẹni tó pàdánù, ẹni méjì kì í sì í pàdé lẹ́ẹ̀mejì. Òpè á rí òpè ẹgbẹ́ rẹ̀ bá jà ní ìpele kẹta, ó sì lè lọ sílé pẹ̀lú ìṣẹ́gun kan. Ènìyàn 16, ìpele mẹ́rin, ẹnì kan ṣoṣo ló máa jáde láìpàdánù rárá. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ìyẹn lè ṣẹlẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà kan ní igun yàrá, kí ẹnikẹ́ni má mọ̀ pé àṣekágbá ti kọjá. Ìdí nìyẹn tí àwa fi ń ṣe ìpele mẹ́ta, kí a tó mú àwọn mẹ́rin tó ga jù síwájú. Wákàtí mẹ́jọ kan náà ni, ṣùgbọ́n àṣekágbá gidi wà.

Ìsọ̀rí mẹ́rin-mẹ́rin dára bí ẹ bá mọ àwọn olùdíje yín dáadáa. Bí ẹ kò bá mọ̀ wọ́n, àwọn akọni mẹ́ta lè bọ́ sínú ìsọ̀rí kan, kí ọ̀kan nínú wọn máa kígbe ẹ̀tàn títí di ọdún tó ń bọ̀.

Ohun tí ẹ ó fi máa to orúkọ: Challonge, ojú-òpó kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ń ṣe gbogbo èyí, Swiss náà wà nínú rẹ̀. Bébà ńlá àti máákà lára ògiri kò béèrè datà. Àwa ń lo méjèèjì, bébà ló sì ń ní ọ̀rọ̀ ìkẹyìn.

## Owó ìforúkọsílẹ̀, ní kúkúrú

Ọ̀fẹ́ ń mú kí orúkọ 30 wọlé kí ènìyàn 11 sì yọjú. Owó tí ẹ kò ní dá padà ń lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sá. Ohun tó wà láàárín méjèèjì ló ṣiṣẹ́ fún wa: ẹ gba owó díẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ dá a padà fún ẹni tó bá dé ṣáájú aago tí ẹ dá. Ẹni tó pẹ́ kò ní gbà á, owó rẹ̀ á wọ inú ẹ̀bùn. N kò tíì rí nǹkan mìíràn tó mú ará Ìbàdàn dé ibì kan ní aago mẹ́sàn-án.

## Ibi tí òǹwòran yóò jókòó

Ní ìdí ayò, òǹwòran ní ẹnu. Bí ọ̀ta bá ń na òpè, gbogbo ẹni tó dúró yí wọn ká ló ń sọ tirẹ̀, wọ́n ń fi òpè ṣẹlẹ́yà, wọ́n ń kìlọ̀, wọ́n ń kọrin. Kò ba nǹkan kan jẹ́, torí ojú gbogbo ènìyàn ni ọmọ ayò wà. Kò sí ohun tí òǹwòran rí tí olùta kò rí.

Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Kùrukùru bo ilẹ̀ ogun nínú àwọn géèmù wọ̀nyí. Ibi tí ọmọ ogun rẹ bá dé nìkan lo lè rí. Òǹwòran tó ń wo projector ń rí gbogbo rẹ̀. Bí ó bá ṣe "Háà!" ní ìgbà tí ọ̀tá ń yọ́ bọ̀ lẹ́yìn, ó ti tú àṣírí. Kò tilẹ̀ ní láti sọ̀rọ̀. Mo ti rí olùdíje tó ń wo ojú òǹwòran dípò gíláàsì rẹ̀. Ní Kòríà, inú àpótí onígíláàsì tí ohùn kì í wọ̀ ni wọ́n máa ń jókòó àwọn olùta StarCraft sí, kí igbe èrò má baà sọ nǹkan fún wọn.

Àwa kò ní àpótí. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Ìkíní, ẹ gbé projector sínú gbọ̀ngàn kan náà, kí ẹ fi ẹ̀yìn olùdíje sí i, kí ẹ fún wọn ní ẹ̀rọ-agbétí, kí ẹ sì máa gbàdúrà. Owó rẹ̀ ló kéré jù, òun ni ẹjọ́ rẹ̀ pọ̀ jù. Ìkejì, ẹ kó òǹwòran sí yàrá mìíràn. Èyí ló mọ́ jù, òun náà ni ẹ ó ṣe bí ó bá jẹ́ 0 A.D., kí igbe máa lọ bí ó ti wù ú. Ṣùgbọ́n olùdíje tó ṣẹ́gun kò ní gbọ́ igbe kankan, òun nìkan á jókòó níwájú gíláàsì bí ẹni tó ṣe tán ìdánwò. Ìkẹta, ẹ jẹ́ kí àwòrán tí òǹwòran ń wò rẹ̀yìn ní ìṣẹ́jú mélòó kan. Nínú Age of Empires II, ẹni tó ṣí ìjà lè yan iye ìṣẹ́jú náà. Gbogbo ènìyàn á wà nínú yàrá kan, wọ́n á pariwo, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń pariwo lé lórí ti kọjá.

Ìkẹta yìí la lò ní ìgbẹ̀yìn, ìṣẹ́jú mẹ́ta, ó sì ní òfin kan tí ẹ kò gbọdọ̀ gbàgbé: ẹni tó borí kò gbọdọ̀ dìde, kò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín, kò gbọdọ̀ yọ ẹ̀rọ-agbétí, títí projector yóò fi dé ibi tí ó wà. Ní àṣekágbá wa, ọmọbìnrin tó gba ife jókòó fún odindi ìṣẹ́jú mẹ́ta pẹ̀lú ojú tí kò sọ nǹkan kan. Lẹ́yìn rẹ̀, lórí ògiri, wọ́n ṣì ń jó oko rẹ̀ níná, gbogbo ilé sì ń fohùn kan pè é ní òpè.